Wọ́n ní wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán: kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, kí ló sì kan fásitì níbẹ̀?

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé, fóònù ẹni tó bá ní ẹbí ní Ìṣẹrì, Mile 12, Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú tàbí Májídùn kì í sinmi mọ́. Voice note á dé, ẹnìkan á máa pariwo nínú ẹ̀ pé wọ́n ti ṣí dáàmù o, kí kálukú yáa kẹ́rù. Kò ní sọ dáàmù wo, kò ní sọ ọjọ́ wo, kò ní sọ bómi ọ̀hún ṣe pọ̀ tó, ẹni tó gbọ́ ọ á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, tó bá fi máa dalẹ́ gbogbo àdúgbò ti ń sáré gbé fìríìjì sórí tábìlì. Látìgbà tí dáàmù Alau ti já ní Maiduguri lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024 lẹ̀rù yẹn ti wá le sí i, torí gbogbo wa la rí fídíò bí omi ṣe gba ìlú ńlá mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn fásitì náà ò sì dákẹ́, wọ́n ń pe ìpàdé lórí omi, lẹ́kíṣọ̀ lónìí, kọ́nfáráǹsì lọ́la, àwọn èèyàn wá ń béèrè pé kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ tómi ṣì ń wá bá wa nínú yàrá. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Dáàmù wo ni wọ́n ń sọ ná?

Mẹ́ta làwọn èèyàn ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Àkọ́kọ́ ni Lagdo, ìyẹn wà ní Kamẹrúùnù, orí odò Benue ni wọ́n kọ́ ọ sí. Tí wọ́n bá ṣí Lagdo, àwọn ará Adamawa, Taraba àti Benue títí dé Lọ́kọ́ja ló yẹ kó máa ṣọ́ra, ibẹ̀ lomi ẹ̀ ti ń wọ odò Ọya tó ń lọ sísàlẹ̀ lápá Delta. Omi Lagdo ò lè dé Ìṣẹrì, kò sọ́nà tó máa gbà débẹ̀. Èkejì ni Alau tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìpínlẹ̀ Borno nìyẹn, òun náà ò kàn wá nílẹ̀ yìí àfi ti pé ó kọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀yán, èyí tó kan Ògùn àti Èkó gbangba.

Orí odò Ọ̀yán ló wà, lápá ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ odò Ògùn, odò Ògùn sì ń gba inú Abẹ́òkúta kọjá, ó ń lọ sí Ìṣẹrì, ó ń gba ẹ̀yìn Mile 12, kó tó já sí ọ̀sà Èkó lápá Májídùn. Ẹni bá ń gbé létí odò Ògùn láti Abẹ́òkúta wálẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀yán kàn án.

Kí ni wọ́n kọ́ ọ fún?

Lọ́dún 1976 nìjọba àpapọ̀ dá àwọn àjọ tó ń mójú tó agbami odò sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, èyí tó kàn wá ni àjọ agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí oríléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Àlàbàtà. Àwọn ló ni dáàmù Ọ̀yán, Ààrẹ Shehu Shagari ló sì ṣí i lóṣù kẹta ọdún 1983. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kà fún un: kó máa fún Èkó àti Abẹ́òkúta lómi tí wọ́n máa fọ̀ mọ́ fún mímu, kó máa bomi rin oko tó tó 3,000 hẹ́kítà nísàlẹ̀ odò, kó sì máa pèsè iná mẹ̀nàmẹ́ná mẹgawáàtì 9. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta, mẹgawáàtì 3 níkọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé wọn síbẹ̀ láti 1983, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó láìṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé dídá omíyalé dúró ò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Omi ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí oṣù kejì bá dé tí odò Ògùn bá fà tín-ín-rín, omi tí wọ́n ti kó pa mọ́ sí Ọ̀yán ni wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀ kó lè dé Àkútẹ̀, ibi tí Èkó ti ń fa omi lọ sí iléeṣẹ́ ìfọmi-mọ́ Adíyàn àti Ìjù. Adíyàn nìkan, mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù 70 lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe. Nítorí náà dáàmù tí à ń bú lóṣù kẹsàn-án, òun náà ló ń gbé omi ẹ̀ẹ̀rùn wá.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ti géètì ẹ̀ pa títí òjò á fi lọ?

Ìbéèrè tó pọ̀ jù nìyí, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀. Gbogbo omi tí adágún Ọ̀yán lè gbà jẹ́ mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Ó pọ̀ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi táńkà oní 33,000 lítà gbé e, ó máa gbà ju mílíọ̀nù 8 táńkà lọ. Àmọ́ ilẹ̀ tí òjò ẹ̀ ń ṣàn wọ inú dáàmù náà tó 9,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: tẹ́ ẹ bá da gbogbo omi tó kún adágún yẹn sílẹ̀, tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí gbogbo ilẹ̀ yẹn, jíjìn ẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìyẹn bí ìbú ìka méjì. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè yẹn lọ́dún kan sì ju mítà kan lọ. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, oòrùn náà ń fà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án ilẹ̀ ti yó, òjò tó bá tún rọ̀ lé e, odò ló ń lọ tààrà.

Ẹ wo ìyá tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù kún kí òjò tó dá, ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kó máa kún. Tí ò bá fẹ́ kó ṣàn kún àgbàlá, ó gbọ́dọ̀ tètè máa bù ú kúrò. Kò lè ṣe méjèèjì pa pọ̀, pàápàá tí ò mọ iye òjò tó ṣì kù lókè. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yán gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń mójú tó o fẹ́ kí adágún kún kí òjò tó parí, kómi lè tó dé ìgbà òjò tuntun, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún òjò ńlá tó ṣeé ṣe kó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá tètè tú u jù, tí òjò wá kọ̀ tí ò rọ̀ mọ́, Èkó máa pariwo òùngbẹ lóṣù kẹta. Tó bá sì dì í mú pẹ́ jù, ó máa di dandan kó ṣí gbogbo géètì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ni wọ́n mọ ògiri dáàmù náà, ó gùn ju kìlómítà kan lọ, ó ga tó 30 mítà, tómi bá sì lọ gba orí ògiri ilẹ̀ kọjá, ó máa jẹ ẹ́ wó ni.

Àwọn onímọ̀ ní ìlànà kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí èyí, wọ́n á ya á sórí pépà bíi kàlẹ́ńdà: ní ọjọ́ báyìí omi inú adágún ò gbọdọ̀ ga ju ibí lọ, ní ọjọ́ báyìí kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ibí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ “rule curve” lẹ́nu wọn, òun náà nìyẹn. Lójú tèmi, orí ìlà kékeré yẹn gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dúró lé, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jà lórí ẹ̀ ò sì tíì fojú rí i rí.

Ṣé “wọ́n ṣí i” àti “ó já” jẹ́ nǹkan kan náà?

Rárá o. Ṣíṣí ni pé èèyàn tẹ bọ́tìnnì tàbí yí ọwọ́ ẹ̀rọ, géètì sì gbéra sókè níwọ̀n tí wọ́n fẹ́, géètì mẹ́rin ló wà lójú ibi tómi ti ń dà jáde ní Ọ̀yán, wọ́n lè ṣí kan, wọ́n lè ṣí méjì. Jíjá ni pé ògiri fúnra ẹ̀ fọ́, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri, jíjá ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ní Ọ̀yán, ṣíṣí ni. Ìbàdàn náà ní tiẹ̀, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ tí omi kún bo adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1942, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú ní ìlú yẹn, ẹ̀kún yẹn ò tíì tán nílé àwọn kan títí dòní.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa ń da èèyàn láàmú ni “omi ọgọ́rùn-ún ọdún”. Wọ́n á sọ pé ilé yìí wà níbi tí omi ọgọ́rùn-ún ọdún ń dé, ẹni tó ń rà á á ní áà, ìyẹn jìnnà, n ò ní sí láyé. Kì í ṣe ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé lọ́dọọdún, ìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní tómi yẹn ní láti dé. Tẹ́ ẹ bá fi ọgbọ̀n ọdún gbé inú ilé yẹn, ó ti di bí ìkan nínú mẹ́rin. Ó sì lè dé lọ́dún yìí kó tún dé lámọ́dún.

Ṣé omi Ọ̀yán nìkan ló ń ya ilé?

Kì í ṣe òun nìkan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti ń di ìjà. Odò Ògùn fúnra ẹ̀ ti ń bọ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, lápá Ṣakí, ó gba Ìsẹ́yìn kọjá níbi tí dáàmù Ìkẹ̀rẹ̀ wà, tí adágún tiẹ̀ lè gba mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà, odò Ọ̀fìkì náà ń ṣàn wọ inú odò Ògùn. Nísàlẹ̀, ọ̀sà Èkó ń tẹ̀ lé òkun, tí òkun bá ru sókè ọ̀sà á dá omi odò padà, kò ní jẹ́ kó ráyè wọlé. Tí òjò bá tún wá rọ̀ ní Èkó fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí gọ́tà dí, ẹni tómi wọlé bá ò lè mọ èwo ni ti Ọ̀yán nínú ẹ̀, èwo ni ti òjò àná. Òjò wa sì ń ní téńté méjì, ìkan lóṣù kẹfà sí ìkeje, òmíràn lóṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, èkejì yìí ló ń bá ilẹ̀ tó ti yó àti adágún tó ti kún, òun ló jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà yẹn ni ariwo ń pọ̀ jù, bíi ti oṣù kẹwàá ọdún 2010 tómi lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú àti àyíká ẹ̀.

Ta ló ń sọ kí ni?

Àwọn tó ń mójú tó dáàmù ń sọ pé àwọn ò kàn ń ṣí i bó ṣe wù wọ́n, pé díẹ̀díẹ̀ làwọn ń tú u bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí òjò bá ti ń le, pé àwọn ń kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ tọ́rọ̀ kàn, àti pé ibi táwọn èèyàn kọ́lé sí gan-an ni ìṣòro. Wọ́n ní àkúrọ̀ ni, ilẹ̀ tí odò ń nà dé lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni tó kó bíríkì débẹ̀. Àwọn àgbà létí odò mọ ìyẹn, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, wọn kì í kọ́lé sí i.

Àwọn onílé ní tiwọn ń sọ pé àwọn ò jí ilẹ̀ gbé, àwọn rà á ni, àwọn kan ní ìwé, àwọn kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀sítéètì tí wọ́n fi àṣẹ kọ́. Wọ́n ń béèrè pé ta ló fọwọ́ sí i tó bá jẹ́ ojú odò ni. Wọ́n tún ń sọ pé ìkìlọ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé orí ìwé ìròyìn ló máa ń wà, àwọn a gbọ́ lẹ́yìn tómi ti dé. Àwọn kan nínú wọn ń fẹ́ kí wọ́n máa tú omi púpọ̀ sílẹ̀ láti oṣù karùn-ún kí adágún lè ṣófo de oṣù kẹsàn-án. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ odò ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ìyẹn, torí omi tó bá tètè lọ ti lọ nìyẹn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ sábà máa ń ní kí àwọn tó wà létí odò kó kúrò fúngbà díẹ̀. Ibo ni wọ́n máa kó lọ, lówó wo, ìyẹn ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn.

Kí ló dé tí ò sẹ́ni tó lè dá a yanjú?

Òfin ni. Òfin omi ọdún 1993 fi omi tó bá kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ sábẹ́ gọ́mìnà. Odò Ògùn gba Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó kọjá, nítorí náà Àbújá ló ni omi, ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ké sí tí gọ́tà bá dí. Ẹni tó ń ṣí géètì ò láṣẹ lórí ẹni tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé, ẹni tó ń fọwọ́ sí pláànù ò láṣẹ lórí géètì. Nígbà tí wọ́n gbé àbá òfin omi tuntun dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ọdún 2017, tí wọ́n tún gbé e padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó dìjà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rí i bí ọ̀nà láti gba bèbè odò mọ́ àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ni fásitì wá ń ṣe níbẹ̀?

Ọjọ́ 22 oṣù kẹta ni ọjọ́ omi lágbàáyé, láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ fásitì wa máa ń pe lẹ́kíṣọ̀ lórí omi. FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ pé ìmójútó omi àti ojú ọjọ́ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ojú ọ̀nà Àlàbàtà kan náà pẹ̀lú àjọ tó ni dáàmù Ọ̀yán ni wọ́n jọ wà. Fásitì Ìlọrin ní ibùdó ìwádìí lórí iná tí wọ́n ń fi omi ṣe. FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà apá ìwọ̀ oòrùn nípa ojú ọjọ́ lábẹ́ WASCAL, ètò ìwádìí ojú ọjọ́ táwọn orílẹ̀-èdè agbègbè náà jọ ń ṣe, fásitì Abomey-Calavi ní orílẹ̀-èdè Benin sì ń kọ́ wọn nípa omi lábẹ́ ètò kan náà.

Ohun tí wọ́n ń bá fà níbẹ̀ ò jìnnà sí ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni dátà. Wọ́n á ri òpó tí wọ́n fàmì sí mọ́ inú odò láti máa wo bómi ṣe ga tó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa lọ kà á láàárọ̀ lálẹ́. Gíga nìkan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ inú odò lọ wọn bómi ṣe ń sáré tó kí wọ́n lè sọ iye tó ń kọjá, odò sì ń yí ìsàlẹ̀ ẹ̀ padà, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn bíi ti odò Ògùn, nítorí náà ìwọ̀n ọdún kan lè máà wúlò mọ́ lọ́dún kejì. Tí ẹni tó ń ka òpó bá lọ láìsí ẹni tó rọ́pò ẹ̀, ihò á wà nínú ìwé, ihò yẹn náà lonímọ̀ máa bá pàdé tó bá fẹ́ ṣírò omi ọgọ́rùn-ún ọdún. Èkejì ni ẹrẹ̀: dáàmù tó ti lé lógójì ọdún, ẹrẹ̀ àti yanrìn ti ń gba àyè omi nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tún jíjìn adágún wọ̀n kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mílíọ̀nù 270 yẹn ṣì pé. Ẹ̀kẹta ni ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bóyá ìlà àtijọ́ ṣì bá òjò òde òní mu.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn ni pé oṣù kẹta ni lẹ́kíṣọ̀ ń pọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò ti fà, omi sì ń dé lóṣù kẹsàn-án. Gẹ̀ẹ́sì àti máàpù ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àwọn tó máa ń wà níbẹ̀ sì ni olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyá tó ń ta ẹja ní Májídùn ò sí níbẹ̀. NIHSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ bómi odò ṣe ń lọ, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, náà ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, wọ́n ń dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tómi lè dé, mélòó nínú wa ló sì ti rí i ní Yorùbá? Àwọn olùkọ́ kan nínú ìpàdé wọ̀nyí ń fẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sórí rédíò àti sí ààfin ọba létí odò, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn, ti fásitì ni kí wọ́n wádìí.

Àwọn tó wà lókè dáàmù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà wọ voice note. Àwọn abúlé bíi Ìmálà Odò àti Abúlé Títun wà létí adágún náà, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, àwọn ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀. Omi tó dúró sójú kan báyẹn ni ìgbín kéékèèké inú omi fẹ́ràn, àwọn ìgbín yìí ló sì ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀. Kòkòrò náà ń gba awọ ara wọlé, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí fásitì ti lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé wò, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà pọ̀ gan-an láàárín wọn. Oògùn wà fún un, praziquantel, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó lo oògùn lónìí tó padà sínú omi kan náà lọ́la á tún kó o. Ìdí nìyí tí kànga àti omi ẹ̀rọ fi kan ìtọ́jú àtọ̀sí bí oògùn ṣe kàn án. Omi tí Èkó ń mu lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ làwọn ọmọ yìí ń gbé.

Tí voice note bá tún dé ńkọ́?

Ìbéèrè díẹ̀ ló yẹ ká fi gbà á. Dáàmù wo? Géètì mélòó ni wọ́n ṣí, ọjọ́ wo? Kúbíìkì mítà mélòó ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣé ó ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ àbí kò jù ú? Báwo lomi ṣe ga lórí òpó ní Abẹ́òkúta láàárọ̀ yìí, torí omi Ọ̀yán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kó tó dé Ìṣẹrì? Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ló ṣeé wọ̀n, wọ́n wà lára ohun tó yẹ kí àjọ agbami odò máa kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí àwọn onílé Ìṣẹrì àti àwọn olùkọ́ fásitì jọ ń béèrè báyìí, láìjẹ́ pé wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà, ni pé kí nọ́ńbà yẹn máa jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́.